Obìnrin Tó Ń Da Ẹ̀tù Sínú Tíì

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, obìnrin kẹ́mísì bá ọmọńlé kan nínú ife omi tó gbé sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ti kú. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lókè àjà tó fi já sínú ife, torí ìdérí wà lórí ife náà, ó sì dé pinpin. Obìnrin náà ṣí i, ó wò ó, ó dé e padà. Ó wá jókòó sójú kan, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò rí nǹkan kan. Ta ló fẹ́ tàn? Nígbà tó yá, ó mú ife náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó da omi náà nù, ó sì fọ ife lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Obìnrin kẹ́mísì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń dúró lẹ́yìn káńtà kẹ́mísì, tó ń ka hóró oògùn sínú àpò bébà fún àwọn aláìsàn. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Ó tín-ín-rín láti kékeré, ẹnu rẹ̀ sì mú, bàbá á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ọ̀nà okùn tó dí, Abẹ́rẹ́ òun á ti kọjá. Bàbá náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Bàbá Olóògùn ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Yàrá ẹ̀yìn ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Pákó wà lára ògiri láti ìsàlẹ̀ dé àjà, ìgò sì kún orí pákó: èyí tí ó so òwú funfun mọ́ lọ́rùn jẹ́ ẹ̀rọ̀, èyí tí ó so òwú dúdú mọ́ jẹ́ oró. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ti sú máa ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé tọ̀ ọ́, torí wọn ò fẹ́ kí ará àdúgbò rí wọn.

Ọdún kejì rèé tí orí bàbá náà ti ń jò. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ọ̀nà ilé. Ó wá gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú, ó ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ará àdúgbò ní bàbá ti ń ṣarán; nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní àrùn ọpọlọ ni, kò sì ní padà sẹ́yìn mọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí i lọ́sàn-án, ẹ ò ní mọ̀. Lọ́sàn-án, á rẹ́rìn-ín, á bá rédíò jà, á bú àwọn olóṣèlú. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń yí. Á dìde, á máa ti ilẹ̀kùn tó ti tì tẹ́lẹ̀, á máa wo ọmọ bíbí inú rẹ̀ bí ẹni tó mú olè. Nọ́ọ̀sì fún wọn ní oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, hóró kan ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá tu ú dànù. Wọ́n tún fún un, ó tún tu ú dànù. Obìnrin kẹ́mísì bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ kúnná ní kíṣìnnì, ó ń pò ó mọ́ tíì rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé òun gbọ́n.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Irun rẹ̀ ń re sínú òòyà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ó ṣi oògùn kà fún aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá rẹ̀ sì ní tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta kí ó máa lọ sílé. Ní ọjọ́ tó rí ọmọńlé yìí, bó ti fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀ nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, nǹkan líle kan gún un lọ́rùn láti inú ìrọ̀rí. Ó tú ojú ìránṣọ rẹ̀. Irun ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti ká a jọ, wọ́n fi òwú dúdú so ó ní kókó méje.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣáájú ọjọ́ yẹn, àgbàlagbà kan jókòó nínú yàrá tí kò tan iná sí, ó ń tẹ́tí.

Obìnrin náà tún ti dé. Kò mọ ibi tó ti wá, kò mọ ẹni tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń yọ. Á wọ bàtà ìyàwó rẹ̀, á máa rìn káàkiri bí ẹni tó nilé, á sì máa pè é ní bàbá. Ìyẹn ò bà á lẹ́rù. Kíṣìnnì ló ń bà á lẹ́rù. Ó ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i tó ń lọ nǹkan funfun, tó ń bojú wẹ̀yìn, tó ń da ẹ̀tù náà sínú tíì òun. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún po nǹkan sínú ife, ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún un?

Ó máa ń mu ún díẹ̀ kí obìnrin náà má baà fura, á sì da ìyókù sẹ́yìn fèrèsé. Kò pariwo. Ó ní ọmọbìnrin kan, ẹlẹ́nu mímú báyìí, tó máa ń wá wò ó. Tí ìkà yìí bá lọ pàdé ọmọ náà nínú ilé ńkọ́? Àfi kí òun tètè ṣe é kúrò. Ó ti kó irun obìnrin náà nínú òòyà. Ó fa òwú dúdú gùn, ó yí i sí òsì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fà á le.

Ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́. Obìnrin kẹ́mísì ni kò tíì mọ̀.

*

"Abẹ́rẹ́," ni bàbá wí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọmọ rẹ̀ rí kókó náà, "sún mọ́ mi. Kí ló ń jẹ ọ́ lára?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Irọ́ lo ń pa. Ẹnìkan ń ṣe ọ́. Ojú mi ò fọ́." Ó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, ọwọ́ náà tutù, ó sì mọ ohun tó ń wá. "Ta lo ṣẹ̀? Ṣáà dárúkọ rẹ̀ fún mi. Kí oòrùn tó wọ̀, màá ti rán an lọ síbi tó yẹ ẹ́."

Ó lọ mú ìgò olówùú funfun, ó bu díẹ̀ sínú ife, òun fúnra rẹ̀ sì kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Bó ti máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá tọ̀ ọ́ wá nìyẹn. Ó ní olóògùn ló ń ṣáájú mu, kí ọkàn aláìsàn lè balẹ̀. Ó wá gbé e fún un. Títí di ọ̀sán ọjọ́ yẹn àyà kò jó o mọ́, ó tilẹ̀ jẹun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọkàn rẹ̀ lọ sí òdìkejì títì. Olóògùn mìíràn ń gbé níbẹ̀, Bàbá Òdìkejì ni wọ́n sì ń pè é. Ogún ọdún rèé tí òun àti Bàbá Olóògùn ò ti kí ara wọn, nítorí aláìsàn kan tó kúrò lọ́dọ̀ èkíní lọ sọ́dọ̀ èkejì, tí ara rẹ̀ sì wá yá níbẹ̀. Obìnrin kẹ́mísì sọ nínú ara rẹ̀ pé Bàbá Òdìkejì ti gbọ́ pé àárẹ̀ mú bàbá òun, ó wá fẹ́ gbẹ̀san lára ọmọ.

Ní Ọjọ́rú ó lọ gba oògùn bàbá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ti to àga yí ká yàrá kan fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà, bó ti máa ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ náà ni obìnrin kẹ́mísì máa ń ní "a dúpẹ́," á sì panu mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà lókè òkun ti sọ fún un lórí fóònù pé kí ó má tú àṣírí ilé wọn síta, kí ó fi sùúrù ṣe é. Ẹni tó wà lókè òkun, kí ni sùúrù ná an?

Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. "Ìyàwó mi lé mi jáde lánàá, ó ní olè ni mí. Mo fẹ́ ẹ láti ogójì ọdún o! Mo bá yí ilé po, mo lọ kan ilẹ̀kùn iwájú. Mo ní, 'Ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá ibi tí màá sùn sí.' Ó ní, 'Ẹ wọlé, ẹ jọ èèyàn dáadáa.' Ó fún mi lómi mu. Ó wá rọra sọ fún mi pé kí n ṣọ́ra, pé olè kan ń gbé inú ilé yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Ohun tí mò ń sọ fún yín nìyẹn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ má bá wọn jiyàn. Ibi tí wọ́n bá wà, ẹ lọ bá wọn níbẹ̀." Ó yíjú sí obìnrin kẹ́mísì. "Ẹ̀yin ńkọ́, aǹtí? Ẹ ti rù. Ta ló ń tọ́jú yín?"

"A dúpẹ́."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Nọ́ọ̀sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sẹ́yìn káàdì oògùn, ó ní kí ó pe òun nígbàkigbà.

*

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó fi ìborùn bo ojú, ó sọdá títì. Ó ti múra ìjà. Ó ju kókó irun náà sórí tábìlì Bàbá Òdìkejì.

"Ẹ gba ẹrù yín. Àárẹ̀ mú bàbá mi, èmi lẹ wá kàn?"

Arúgbó náà kò bínú. Ó wọ dígí rẹ̀, ó fi ìdí pẹ́ńsù yí kókó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tó gbójú sókè, àánú ló wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba obìnrin náà.

"Níbo lo ti rí i?"

"Nínú ìrọ̀rí mi."

"Ta lẹ jọ ń gbé?"

"Èmi àti bàbá mi nìkan."

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́..." ni Bàbá Òdìkejì wí, kò sì parí òwe náà. "Ọmọ mi, èèyàn kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé tó ń yí òwú sí òsì lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fà á. A jọ kọ́ṣẹ́ ni. Ọ̀gá wa nà án títí lórí rẹ̀, kò gbọ́."

Obìnrin kẹ́mísì fa àga mọ́ra. Ó jókòó. Ó rántí ojú tó ń wò ó láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́. Ó rántí tíì.

"Bàbá mi fẹ́ràn mi," ni ó wí.

"Gbogbo títì yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Láàárọ̀, òun ló ń fún mi lẹ́rọ̀."

"Láàárọ̀ ni, àbí? Nírọ̀lẹ́ ńkọ́?" Arúgbó náà bọ́ dígí. "Tí kò bá tú u, o ò ní rí òpin oṣù yìí."

"Ẹ bá mi tú u, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kò sẹ́ni tó lè tú u àfi ẹni tó so ó. Ohun tí èmi lè ṣe ni kí n dá a padà fún un. Kò ní pẹ́, kò sì ní dùn ún."

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó kọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó mú kókó irun náà lórí tábìlì, ó ń yí i nínú ọwọ́. "Bàbá mi ni," ló wá sọ nígbà tó yá.

"Ó dáa. Lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó tú u. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ. Èyí tó wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ò so nǹkan kan, kò lè tú nǹkan kan."

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò po tíì. Ó bọ́ bàtà ìyá rẹ̀, ó wọ tirẹ̀, ó fi ìborùn tí bàbá rẹ̀ ò rí rí bo orí. Ó gba ẹ̀yìnkùlé yí po, ó sì kan ilẹ̀kùn tí àwọn aláìsàn máa ń gbà wọlé.

"Ta nìyẹn?"

"Aláìsàn ni, Bàbá. Wọ́n júwe yín fún mi ni."

Kọ́kọ́rọ́ yí. "Ẹ wọlé, ìyá. Ẹ jókòó. Ẹ rọra, ẹ má fara kan ìgò."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ kò pè é ní "ẹ" rí. Ó jókòó sórí àpótí, ó ki ọwọ́ sáàárín itan.

"Wọ́n ń ṣe mí, Bàbá." Ó na kókó irun náà sí i.

Arúgbó náà tan fìtílà, ó gbé kókó náà síbi ìmọ́lẹ̀. "Họ́wù! Iṣẹ́ gidi nìyí. Ẹni tó ṣe èyí kì í ṣe ọmọdé." Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni. "Kí ni orúkọ ìyá yín?"

Ó dárúkọ ìyá rẹ̀.

Ọwọ́ bàbá dúró. "Ìyàwó mi náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó jáde ni, kò ní pẹ́ wọlé. Ẹ máa rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ má sunkún mọ́. Màá tú u."

Ó fi èékánná tú kókó àkọ́kọ́. Bó ti tú, nǹkan kan dẹ̀ lábẹ́ ọmú òsì obìnrin náà. Ó tú èkejì. Èémí wọlé dé ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú fèrèsé ń pọ́n. Ajá kan ń hu níta, ó sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta tú, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún. Nígbà tí ẹ̀kẹfà tú, obìnrin náà rí i pé ọwọ́ òun ò gbọ̀n mọ́.

"Ó ku ẹyọ kan," ni bàbá wí. "Ẹ máa kọ́kọ́ mu ẹ̀rọ̀, kí n tó tú u."

Ó na ọwọ́ sí pákó. Ọwọ́ náà kọjá lórí òwú funfun, ó padà, ó tún kọjá lọ. Ó mú ìgò kan. Òwú ọrùn rẹ̀ dúdú.

Obìnrin kẹ́mísì rí i. Ó rí i dáadáa. Bàbá ti dà á sínú ife, ó ti bu omi sí i, ó ń pò ó. Olóògùn ló sì ń ṣáájú mu. Obìnrin náà kò ní fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Kí ó ṣáà jókòó, kí ó panu mọ́. Kò ní sí ìrọ̀lẹ́ mọ́, kò ní sí ẹni tó ń pè é lólè, kò ní sí aṣọ ìtọ̀ tó máa fọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó máa sun oorun. Ẹ má bú u o. Ẹni tí kò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ni ẹnu rẹ̀ ń yá láti dá a lẹ́bi. Bàbá gbé ife sókè, ẹnu obìnrin náà kò sì ṣí.

Ife kan ètè bàbá. Ó tún gbé e wálẹ̀ díẹ̀.

"Mo ní ọmọbìnrin kan," ni ó wí. "Abẹ́rẹ́. Ẹnìkan ń ṣe òun náà, ó ti rù kan eegun. Tí mo bá parí tiyín, ẹ bá mi wá a kàn. Òun ló kù tí mò ń rò."

Ó gbé ife náà padà sẹ́nu.

Obìnrin kẹ́mísì fò dìde, ó sì gbá ife náà dànù. Ó fọ́ mọ́ ògiri. Omi inú rẹ̀ ṣàn lórí pákó, ó ń yọ èéfín díẹ̀díẹ̀. Ìborùn ti já kúrò lórí rẹ̀. Bàbá wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Ìwọ ni," ni ó wí.

"Bàbá, èmi ni. Abẹ́rẹ́ ni."

"Ìwọ obìnrin ẹlẹ́tù!" Ó fà sẹ́yìn, ó di òwú tó ku kókó kan náà mọ́wọ́. "Abẹ́rẹ́! Abẹ́rẹ́ o! Sá wá o, ọmọ mi, wọ́n fẹ́ pa mí o!"

Bó ti ń pè é, bẹ́ẹ̀ ló ń ju àpótí lù ú. Obìnrin náà sá jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó sì gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì oògùn, ó pè é.

"Nọ́ọ̀sì, bàbá mi fẹ́ mu májèlé. Mo rí i, mo dákẹ́."

"Ṣé ó mu ún?"

"Rárá, mo gbá a dànù. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ dákẹ́. Mo fẹ́ kí ó mu ún."

Nọ́ọ̀sì mí sínú fóònù. "Mo gbọ́ yín, aǹtí. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ má dá wọlé. Èmi àti awakọ̀ yẹn ń bọ̀ báyìí, a máa kó àwọn ìgò yẹn kúrò níbẹ̀. Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà, ẹ gbọ́?"

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ tán. Ohùn bàbá gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde.

"Abẹ́rẹ́? Ṣé ìwọ ni mò ń gbọ́ níta?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo wà níta."

"Ọlọ́run ṣeun. Má wọlé o! Ó wà nínú ilé yìí, mi ò mọ ibi tó sá sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Ohun tí oògùn náà ń dúró dè ni orúkọ ìyá rẹ̀, òmùgọ̀ náà sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi lónìí. Dúró síbẹ̀, máa ṣe àṣẹ sí i."

Ó wúkọ́, ó tún ohùn ṣe. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú ló jáde. Ó dárúkọ ìyàwó ara rẹ̀.

"Obìnrin tí ìyá yìí bí, tó wọlé mi láti pa mí, tó fẹ́ pa ọmọ mi, bí oòrùn ti ń wọ̀ yìí, kí ó bá oòrùn wọ̀."

Ó dúró, ó ń retí. Obìnrin kẹ́mísì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu. Ó wo òpin títì, kò tíì sí iná mọ́tò kankan níbẹ̀.

"Abẹ́rẹ́, mi ò gbọ́ ohùn rẹ." Ohùn náà ti ń gbọ̀n, ó ti fẹ́ di ẹkún. "Ṣé kò tíì mú ọ? Abẹ́rẹ́!"

"Kò mú mi, Bàbá."

"Dá mi lóhùn nígbà náà, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Àṣẹ," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀ nínú yàrá, tó sì fa òwú náà le.